Wọ́n Ti Ilé Dé

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, mo sì dúró gbagidi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ìrì ṣì bo koríko, omi ti wọnú bàtà mi. Nínú igbó ẹ̀gún kan tí kò ga ju àyà ènìyàn lọ, nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Bí a ti ń wò ó, ó ta sókè, ó jó lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó sì tún já bọ́ sórí ẹ̀ka kan. Ọ̀fun rẹ̀ funfun bí òwú. Apá rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á.

"Òun náà nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti ilé dé."

Whitethroat ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹyẹ yìí. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀fun-òwú, orúkọ náà sì ti mọ́ èmi náà lẹ́nu. Ní ti "ilé" tó wí yẹn, kò sí Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò ṣì í gbọ́. Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ sílé ní Kérésìmesì, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ilé wo. Ẹyẹ tí kò wúwo tó lẹ́tà tí a fi sí póòsì ti lo ìgbà ọyẹ́ ní apá ibi tí a ti wá, ó ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó ti kọjá lórí òkun, ó sì wá ń kọrin ní Richmond Park, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, níwájú àwa méjì tí a gbé ọkọ̀ láti Peckham.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n kí ó tó fẹ̀yìn tì. Inú oko kòkó kan lẹ́yìn Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, kò sì ronú rí pé wíwo ẹyẹ lè jẹ́ iṣẹ́ fún àgbàlagbà. Ó ní ẹyẹ dúdú kan, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ló fa òun wọ̀ ọ́. Orí òrùlé gáréèjì ló máa ń bà sí ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, á máa kọrin nínú òkùnkùn. Àwọn awakọ̀ yòókù ń wá kọfí, ẹ̀gbọ́n ń dúró níta fún ẹyẹ. Láti ìgbà yẹn ló ti ra awò awọ̀nàjíjìn àti ìwé kékeré tó ń kọ ohun tó bá rí sí. Èmi kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Ní ilé, bí a bá gbọ́ "páàkì", agbèrò tó ń pe Ọ̀jọ́ọ̀ àti Ìwó Road ló ń wá sí wa lọ́kàn. Richmond Park kì í ṣe irú ẹ̀. Hẹ́kítà 955 ni, òun ló tóbi jù lọ nínú àwọn ọgbà ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, igi óákù tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sì kún inú rẹ̀. Ọba Charles Kìíní ló mọ ògiri yí i ká ní 1637 kí ó lè ríbi ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lé ní 600, wọ́n ń jẹko láàárín ènìyàn. Nígbà tí Ọmọọba Amelia di alábòójútó ọgbà náà ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìlú. Ọkùnrin kan tó ń pọn ọtí bíà ládùúgbò, John Lewis, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ó sì jàre ní 1758: ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba inú ọgbà kọjá. Wọ́n wá gbé àkàsọ̀ sára ògiri, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín àwọn igi rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ arúgbó kò lè tó o. Lewis tún padà sọ́dọ̀ adájọ́, wọ́n sì tún àkàsọ̀ náà ṣe. Ọkọ̀ kò tíì lè wọlé nígbà tí a dé lówùúrọ̀ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ la gbà, láìsan kọ́bọ̀, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Lewis nínú mi bí mo ṣe máa ń ṣe.

A kò kúrò nídìí igbó ẹ̀gún yẹn bọ̀rọ̀, nítorí Ọ̀fun-òwú ní ìtàn kan tí ẹ̀gbọ́n kì í sọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti 1962 ni àwọn tó ń wo ẹyẹ ní ilẹ̀ yìí ti ń kà wọ́n lọ́dọọdún, oko dé oko, igbó dé igbó. Ní ìgbà ìrúwé 1969, wọ́n lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé Ọ̀fun-òwú máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Ibẹ̀ dákẹ́. Nínú mẹ́rin tó kọrin ní 1968, bíi mẹ́ta ni kò padà. Kò sí ohun tó ṣe igbó ẹ̀gún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ni kò rọ̀ ní Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí wọ àríwá Nàìjíríà àti ẹ̀bá adágún Chad. Ibẹ̀ ni ẹyẹ yìí ń gbé nígbà tí òtútù bá dé sí Yúróòpù, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti jẹ kòkòrò àti èso yó, kí ọ̀rá tó kún ara rẹ̀ tó láti fi la aṣálẹ̀ já. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ewé kò yọ, kòkòrò kò sí. Ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn kan náà ló padà pa màlúù àwọn Fúlàní lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹyẹ náà ti ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ kò tíì pọ̀ tó bí ó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí lára mi. Ẹni tó bá jókòó sí Richmond ní oṣù kẹrin, tó ń gbádùn orin ìgbà ìrúwé, òjò tó rọ̀ ní Sókótó àti Bọ̀nú ní ọdún tó kọjá ló ń gbádùn.

A gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àárín ọgbà, níbi tí adágún méjì tí wọ́n ń pè ní Pen Ponds wà. Lójú ọ̀nà, ẹyẹ kan gbéra láti inú koríko, ó ń gòkè tààrà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ó sì ń kọrin láìsimi, láìmí, títí ó fi di bíńtín lójú ọ̀run. Skylark ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ oníjàálá tó mọṣẹ́, tí èémí rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń bá a wá èémí, ẹ ti gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́. Ilẹ̀ lásán ló ń yé ẹyin sí, láàárín koríko, nítorí náà ni wọ́n ṣe lẹ ìkìlọ̀ káàkiri pé kí alájá so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Skylark kì í lọ sí ilé wa. Mo kàn dúró gbọ́ orin rẹ̀ tán ni.

Lórí igi óákù tó wà nítòsí, àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé ń pariwo, bíi mọ́kànlá. Ẹyẹ Íńdíà àti Áfíríkà ni irú wọn, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n ló sì bí àwọn tó kún Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ẹ̀gbọ́n kò dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ ayékòótọ́ máa ń mú un rántí ọdídẹrẹ́, tó máa ń gba orí oko bàbá rẹ̀ kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nígbà èwe rẹ̀, tí kò sì rí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò ọdídẹrẹ́ inú igbó káàkiri àgbáyé. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Ní etí adágún, oòrùn ti mú díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tú àkàrà jáde nínú bébà fàdákà, mo da tíì láti inú fúláàsì. Lójú omi, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò ní ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Oríṣi méjì ni: èyí tí ìrù rẹ̀ là sí méjì gbọọrọ, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, àti èyí kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò sínú bèbè yanrìn. Èyí kékeré yìí ń bá Ọ̀fun-òwú gbé Sahel ni. Onírù gígùn ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, bí a sì ṣe mọ̀ ọ́n wú mi lórí. Láti 1909 ni wọ́n ti ń fi òrùka irin tó ní nọ́mbà sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún 1911, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Masefield fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire. Ní oṣù Kejìlá 1912, wọ́n mú ẹyẹ náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Kí òrùka yẹn tó dé, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí ibi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ti Jámánì, Ítálì àti ilẹ̀ míì ní Yúróòpù kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró sí. Ní Ebbaken-Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, lórí òkè tí koríko gíga bò, iye tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti fojú bù níbi tí wọ́n ń sùn sí nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ará abúlé máa ń pa wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀, kí àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí alápàńdẹ̀dẹ̀ tó tò sórí wáyà iná ní ìgbà ọyẹ́, kì í ṣe èyí tó fi ẹrẹ̀ mọlé sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín nìkan lẹ ń wò. Àwọn míì láàárín wọn, abẹ́ òrùlé àgbẹ̀ ní Jámánì ni wọ́n bí wọn sí.

Ìyá àgbà kan, òyìnbó, dé pẹ̀lú awò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ń wo ẹyẹ kì í kí ara wọn pé "ẹ káàárọ̀" kí wọ́n tó béèrè pé ṣé ẹ rí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ka ohun tí a ti rí fún un, òun náà ka tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi nawọ́ sókè, tó sì gbé ọwọ́ kejì bo ẹnu. Ẹyẹ dúdú méjì, tí apá wọn rí bí dòjé, ń sáré lókè pátápátá. Swift ni, àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta rí lọ́dún náà. Omi yọ lójú ìyá náà. Mo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò tíì rí òyìnbó kan tó sunkún níwájú àlejò rí.

Ó ní ìdí tó fi sunkún. Kòńgò ni ẹyẹ náà ń lọ ní ìgbà òtútù, bó bá sì ti kúrò nínú ìtẹ́, ó lè lo oṣù mẹ́wàá lójú ọ̀run láìbalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Súwídìn ló fi ẹ̀rọ kékeré mọ èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Ojú ọ̀run ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá lọ́dọ̀ ènìyàn ni ihò kékeré lábẹ́ òrùlé, tí yóò yé ẹyin sí. Bí wọ́n bá sì ti tún ilé àtijọ́ ṣe, wọ́n á dí ihò náà pa. Ẹyẹ yóò ti Kòńgò dé, kò ní bá ilẹ̀kùn. Ní 2021, wọ́n kọ swift mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun ń halẹ̀ mọ́ jù lọ ní Ìlú Ọba.

Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti ń bẹ òjò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹyẹ tó ń rìnrìn-àjò yóò gba òkè kọjá láìdúró. Òjò ló ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sínú igi. Ọ̀rọ̀ cuckoo la ń sọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ ọ ní Richmond láti ọdún mélòó kan, ó sì ń dùn ún. Ní 2011, àjọ àwọn tó ń ka ẹyẹ ní ilẹ̀ yìí so ẹ̀rọ mọ́ akọ cuckoo márùn-ún, wọ́n sì rí i pé tí wọ́n bá ń ti igbó Kòńgò bọ̀, wọn kì í kọrí tààrà sí àríwá. Wọ́n ń yà sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá jẹun, ní àkókò tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dojú kọ aṣálẹ̀. Bí igbó ibẹ̀ bá tán, kò síbi tí wọn yóò ti rí oúnjẹ ọ̀nà. Mo ní ìbátan elúùlùú ni cuckoo, ẹni tó ń pe òjò nílé. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ wà tí ojú ọ̀run fi ṣú.

Òjò náà kò ṣeré. Abẹ́ igi óákù la sá sí, omi ń gba ọrùn wọ aṣọ wa.

Mo ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀gbọ́n. Elúùlùú tó pe òjò, orí ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á."

"Wàá rí òmíràn pa," ni ó wí. Ó nu awò rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀.

Ó dára bí a kò ti kúrò. Nígbà tí òjò dá, tí oòrùn tún yọ sórí àwọn igi bírìṣì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lókè orí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí mí, ó rọra bọ́ sórí re, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi gúnlẹ̀ sórí dò, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ lókè. A wá a títí a fi rí i: ẹyẹ kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ bí ewé, àyà rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ̀fun àgbàdo. Willow warbler. Kò wúwo ju giramu mẹ́wàá lọ, ìyẹn kò ju kúùbù Maggi méjì àti ààbọ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ lo òtútù, wọn kì í sì í dẹ́kun orin nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n gbé awò sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, ní oṣù kìíní tí mo lọ sílé, mo dé oko bàbá mi. Igi tó kù níbẹ̀ kò pọ̀. Mo jókòó sídìí ọ̀kan, mo gbọ́ ohùn yìí gan-an. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ẹyẹ kékeré la kàn ń pè é. Mo sì wá dé ìlú òyìnbó kí n tó mọ ẹni tó ń jẹ́."

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Ẹyẹ yìí ń dé Ìlú Ọba ní oṣù kẹrin, ó ń tọ́mọ, nígbà tí oṣù kẹjọ bá fi máa parí, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjú sí ọ̀nà. Oṣù tó ń lò lọ́dọ̀ wa pọ̀ ju èyí tó ń lò níbí lọ. Síbẹ̀ àwọn tó ń gbé níbí ló ní ìwé nípa rẹ̀, tó ń kà á, tó ń jí ní aago mẹ́rin nítorí rẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ó jẹ́ àwọn nìkan. Àwọn baba wa kò fojú di ẹyẹ: wọ́n mọ agbe yàtọ̀ sí àlùkò, wọ́n mọ àkàlàmàgbò yàtọ̀ sí igún, wọ́n mọ èyí tó ń pe òjò. Àwa ni a jẹ́ kí ìmọ̀ náà máa bọ́ lọ́wọ́ wa, bí igbó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kò tíì tán o. Ní Ìbàdàn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dá nǹkan bíi hẹ́kítà 350 igbó sí nínú ilẹ̀ rẹ̀, igbó náà sì wà níbẹ̀ láàárín ìlú tó ń gbilẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí a ti lè rí Ibadan malimbe, ẹyẹ pupa òun dúdú tí J. H. Elgood, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn àtijọ́, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ náà wà ní gbogbo ayé. Ní Èkó, ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹ́kí ti wà láti 1990, hẹ́kítà 78, pẹ̀lú afárá tó gba orí igi kọjá. Ọ̀pọ̀ ń lọ ya fọ́tò lórí afárá náà. Ẹyẹ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù nígbà tí a padà dé ẹnubodè. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ka ìwé rẹ̀: oríṣi ẹyẹ 49. Ó fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn tó ti Áfíríkà dé. Mẹ́sàn-án ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn kan nínú àwọn mẹ́sàn-án wọ̀nyí wà. Ẹ jọ̀wọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà ọyẹ́, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọmọ kan lọ sídìí igi tó kù ládùúgbò yín, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó bẹ̀rẹ̀ lórí mí, tó sì gúnlẹ̀ sórí dò, ẹ sọ orúkọ fún un lédè wa, kí ẹ sì jọ̀wọ́ dá igi náà sí.